Òkúta Funfun fún Pèpéle Ìdáná Màámi

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ọkọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa wà dáadáa níbí, a dúpẹ́. Ìyá Kékeré, ọmọ rẹ, ń kí ọ. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti lè ka ìwé òun dé ojú ewé kẹwàá láìsí ẹni tó ran òun lọ́wọ́.

Ilé wa ti ní òrùlé. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kan páànù ìkẹyìn, n kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. A ti kó wọ yàrá kan tó ti parí, kí a lè máa ṣọ́ ìyókù. Bíríkìlà ní ilé ìdáná ló kù tí òun fẹ́ kí n dá sí. Ó ti mọ pèpéle yí ògiri méjì ká. Ó ní kí n wá dúró síbẹ̀ kí òun fi mí wọ̀n ọ́n, ó sì ga dé ìbàdí mi gẹ́lẹ́. Ohun tí a máa tẹ́ sórí rẹ̀ ló ń bi mí báyìí.

Mo ṣì ní fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ òkúta, níbi tí o ti dúró ti pátákó òkúta funfun kan tí ilà aláwọ̀ eérú la inú rẹ̀ kọjá. Ìyàwó tíṣà tó kọjú sí wa ti ní irú rẹ̀ nílé ìdáná rẹ̀. Mo fọwọ́ pa á. Ó tutù, ó ń dán bí omi. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ìwọ tó ń ṣe é níṣẹ́, sọ èyí tó dára jù fún mi, kí o sì kọ́ mi ní ohun tí màá bi wọ́n kí wọ́n má baà rẹ́ mi jẹ.

Fóònù rẹ ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí o ti ní ó bàjẹ́, lẹ́tà nìkan la wá ń kọ, ó sì ń lo tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́. Má jẹ́ kí ìdáhùn pẹ́ o, bíríkìlà ò ní dúró dè wá.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú wàhálà ilé kíkọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀yin lẹ di ìyá àti bàbá fún un, n kò lè dúpẹ́ tán. Ẹ bá mi gbá a mọ́ra. Ẹ ní mo ní kó kà á dé ojú ewé ogún.

Ní ti pèpéle, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: ẹ má lo òkúta yẹn. Ẹ lo táìsì. Tí ẹ ò bá fẹ́ táìsì nítorí ìdọ̀tí tó máa ń há sí àárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi pákó líle ṣe é, kí ẹ máa fi òróró pa á lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Tàbí kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dán an títí tó fi máa jọ̀lọ̀. Òkúta yẹn wúwo. Gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, ẹ gbé ìkòkò gbígbóná lé e lẹ́ẹ̀kan péré, á ní àmì tí kì í lọ mọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Òkè ibi iṣẹ́ ni yàrá wa ṣì wà, àwa mẹ́ta. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì mi àti ẹ̀rọ mi. Mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kí n má tẹ títì. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, mo ń gùn ún lálẹ́, ó tán.

Fóònù ò tíì dára, ẹ má bínú. Ẹ bá mi yan pákó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Ara wa le.

Mo ti ronú sí ohun tí o kọ, mo sì fẹ́ kí o mọ bó ṣe rí lára mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé yàrá kan nínú ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ti ń pín ilé ìdáná kan. Ibẹ̀ ni mo bí ọ sí, o mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni sítóòfù mi máa ń wà nítorí pé àwọn tó dé ṣáájú ti gba orí tábìlì. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fọ aṣọ ilé ìwòsàn, tí mo bá délé, màá tún bẹ̀rẹ̀ se oúnjẹ. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí lónìí, ibẹ̀ ni mo ti gbé e wá. Mo wá ní mo fẹ́ nàró lẹ́ẹ̀kan, kí n fọwọ́ lé nǹkan tó dára, o ní sìmẹ́ǹtì ti tó mi.

Àwọn tí o ò mọ orúkọ wọn lò ń dán òkúta fún lójoojúmọ́. Ìyá tó bí ọ, o ní kó lọ máa fi òróró pa pákó. Ṣé owó ni? Tó bá jẹ́ owó ni, sọ ọ́, mi ò ní bínú. Àbí o ti fẹ́ ẹlòmíì síbẹ̀, ilé tirẹ̀ lo wá fẹ́ máa kọ́? Ìyẹn náà, sọ ọ́. Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni kí o máa fi àmì ìkòkò gbígbóná tàn mí bí ọmọdé.

Bíríkìlà fún mi dé ìparí oṣù tó ń bọ̀. Tí mi ò bá gbọ́ ìdí gidi kan lẹ́nu rẹ títí dìgbà náà, màá ṣe ohun tí ọkàn mi fẹ́.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ọkọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, o ò fèsì. Ṣé ara rẹ yá? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ kẹ́yìn le. Tó bá dùn ọ́, má bínú. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn, ìbínú ló sọ ọ́.

Mo ti ra òkúta náà. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé, wọ́n ń rọra tẹlẹ̀ bí ẹni gbé aláìsàn. Funfun báláú, ilà eérú sì la inú rẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bíi ti fọ́tò rẹ. Mo ti rí ẹni tó máa gé e, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, ó ń gé e bí iná bá ṣe ń wá. Ó ní pẹ̀lú ihò tí a máa ki báásìnì bọ̀, ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Eruku rẹ̀ á pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ó funfun, ó kúnná bí àtíkè, ó ti bo gbogbo aṣọ tí mo sá. Ìyá Kékeré kì í kúrò níbẹ̀. Ó ń fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sára fèrèsé, ó ń bù ú sátẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ ẹ sókè. Lánàá ó fi kun gbogbo ojú àti irun, ó wá dúró síwájú mi, ó ní òun ti di ìyá àgbà, kí n máa kúnlẹ̀ kí òun.

Fi ìbínú sílẹ̀, ọkọ mi. Yá fóònù ẹnì kan, kí o pè mí.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màámi,

Ẹ forí jì mí pé n kò kí yín lánàá kí n tó máa pàṣẹ fún yín. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín tán ni mo sáré pè. Mo ń sọ pé kí ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ dá oníṣẹ́ òkúta dúró, ni ikọ́ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ bi mí pé irú ikọ́ wo nìyẹn. N kò rí èémí dáhùn, mo bá pa fóònù.

Fóònù mi ò bàjẹ́ rí. Ikọ́ yẹn ni n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́, òun ló sọ gbogbo wa di akọ̀wé.

Òkúta tí ẹ rà kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn wú nílẹ̀. Wọ́n lọ òkúta kúnná ni, wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ di pátákó. Tí a bá ń gé e láìsí omi, eruku rẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró, á jókòó síbẹ̀, kì í jáde mọ́. Ẹ̀rọ wa ní páìpù omi tẹ́lẹ̀. Ó ya, a sọ fún ọ̀gá. Oníwà tútù ni ọ̀gá wa, kì í pariwo mọ́ èèyàn, ohun kan ṣoṣo ló máa ń fi dáhùn, débi pé Ẹ-Ní-Sùúrù là ń pè é. Sùúrù náà ti lé lọ́dún kan. Ìbomú bébà ló pín fún wa.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, dókítà gbé fọ́tò àyà mi síwájú iná, ó fi bíìrò tọ́ka sí àwọn ibi tó ti funfun. Ó ní kò sí oògùn tó lè kó o jáde, àfi kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó má baà pọ̀ sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Orúkọ ọ̀gá ló wà lára ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sùn lé, tirẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní kí n jáde nílùú. Tí mo bá sì jáde, mo ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà tó mọ àìsàn yìí, mo ti pàdánù ẹ̀tọ́ tí òfin ibí ní kí wọ́n fún ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe, a sì máa fi ilé sílẹ̀ láìparí. Tí mo bá dúró, eruku ni. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo bá ṣí, inú yàrá kan náà ló ń já sí.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lo pákó nìyẹn. Kì í ṣe owó, kò sì sí ìyàwó kankan. N kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ ni, ìyẹn ni n kò fi fèsì lẹ́tà yín.

Ẹ má gbá eruku yẹn o. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu gbogbo nǹkan, ògiri, fèrèsé, ìwé ọmọ. Ẹ gbé ọmọ lọ kí wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn, èsì ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ọmọ yín ni.


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Ọkọ mi,

Àyà rẹ̀ mọ́. Dókítà méjì ló wò ó, wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bí o ṣe wí.

Ọjọ́ tí o pè gan-an ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyàwó tíṣà. Mo fi aṣọ tútù nu ilé fún ọjọ́ mẹ́ta, mo nu gbogbo ibi tó kọ orúkọ rẹ̀ sí. Mo ń nù ún, mo ń bú ara mi. Ohun tí mo kọ sí ọ ní oṣù kẹta, pé ò ń tàn mí bí ọmọdé, bóyá o lè gbàgbé rẹ̀, èmi ò lè gbàgbé.

Mo sọ fún oníṣẹ́ òkúta pé kó má gé e mọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó jókòó sórí òkúta náà, ó tú aṣọ tó fi bomú.

Ó ní, “Màmá, tí mi ò bá gé tiyín, ti ẹlòmíì ni màá gé lọ́la.”

Ó wúkọ́ bó ṣe sọ ọ́ tán. Ó ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ tó ti dé, mo rò pé òtútù òjò ni. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, kò lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lọ́tẹ̀ yìí, mo pè é wá, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí n tún ibi tí o ti sọ̀rọ̀ omi kà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó gba iwájú ilé kọjá, ó ti so rọ́bà omi mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí n kí ọ.

Máa bọ̀ nílé. Má wo ti ilé, má wo ti ẹ̀tọ́ kankan. Bọ̀ pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ. Tí ọ̀rọ̀ bá ń mú ikọ́ wá, má pè mí, kọ ọ́ sílẹ̀, màá fi sùúrù dúró. Àmọ́ máa bọ̀.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Màámi,

Ẹ ṣeun fún ìròyìn ọmọ. Mo gbé lẹ́tà yẹn sápò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà níbí. Ìwé kan wá fún mi láti ilé ìwòsàn, ọ̀gá ló gbà á, ó sì ṣí i. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó pọn tíì fún mi, ó bá mi kẹ́dùn. Ó wá fa ìwé méjì jáde. Èkíní jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n kọ ọ́ pé àìsàn àyà yìí ti wà lára mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ òun, àti pé mi ò ní bá òun rojọ́ láéláé. Ó ní tí mo bá fọwọ́ sí èkejì, èkíní di tèmi. Ó fún mi dé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Àwa mẹ́ta là ń gbé òkè, ẹ mọ̀. Èyí tí à ń pè ní Gígùn, ìdí ẹ̀rọ gígé ló wà. Èkejì jẹ́ Bàbá Àgbà, òun ló dàgbà jù. Ikọ́ ti mú àwọn méjèèjì. Wọn ò bi mí léèrè nǹkan kan, àmọ́ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá ti fọwọ́ sí i, irú ìwé náà ni ọ̀gá máa tẹ́ síwájú wọn.

Mo lè pè yín báyìí kí n bi yín. Mi ò ní pè, torí mo mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ ohùn yín, màá fọwọ́ sí i. Kí lẹ́tà yìí tó dé, ọjọ́ Ẹtì á ti kọjá. Síbẹ̀, ẹ kọ èrò yín sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ

Ọkọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo mú fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Mo tún mú un, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbọ́ èyí tí o ṣe, torí náà mo jókòó láti kọ èrò mi kí n tó mọ̀ ọ́n, kó má baà dà bíi pé mo yí i padà.

Mo fẹ́ kí o ti fọwọ́ sí i. Irọ́ ni ìwé yẹn, mo mọ̀. Irọ́ náà kò ní kí n má tọ́jú rẹ, kò ní kí ọmọ rẹ má rí ọ. Mo ti rò ó nípa àwọn méjì yẹn, Gígùn àti Bàbá Àgbà. Mo gbàdúrà fún wọn. Àmọ́ mi ò bí wọn. Wo irú èèyàn tí mo dà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè mọ̀ ọ́n.

Tí o ò bá wá fọwọ́ sí i, mi ò ní bá ọ jà. Màá sunkún, màá nu ojú mi.

Ilé ìdáná ti parí. Bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dán orí pèpéle, ó lo ọjọ́ méjì nídìí rẹ̀. Mo ń nàró dáná, ẹ̀yìn mi ti fúyẹ́. Ìyá Kékeré gun àpótí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun náà ń sè. Ó bi mí pé ìgbà wo lò ń bọ̀. Mo ní mi ò mọ̀, ó sì bi mí pé ta ló wá mọ̀.

Ìyá rẹ ni.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹjọ

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrọ́jú. Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí. Ẹ má kórìíra ara yín nítorí ohun tí ẹ kọ. Tó bá jẹ́ Ìyá Kékeré ló wà níhìn-ín, ohun tí èmi náà máa kọ sí i nìyẹn.

Mi ò fọwọ́ sí i. Mi ò mọ̀ pé mi ò ní fọwọ́ sí i títí mo fi mú bíìrò dání. Ọ̀gá jókòó síwájú mi, kò bínú.

Ó ní, “Ṣebí mo tọ́jú rẹ bí ọmọ.”

Mo ní, “Ẹ tọ́jú mi, sà. Àmọ́ àyà mi dára nígbà tí mo dé.”

Ó ṣàánú fún mi débi pé ó bá mi gbé àpò mi sọ̀ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti wà níta. Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin kan kọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ó ní ọ̀nà wà. Wọ́n á jẹ́ kí n dúró nílùú títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ náà, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn á sì máa tọ́jú mi. Àmọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ, mi ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan, mi ò sì gbọdọ̀ jáde nílùú. Tí mo bá jáde, ẹjọ́ ti parí. Torí náà mi ò lè bọ̀, Màámi, mi ò sì lè fi nǹkan ránṣẹ́. Mo jókòó ni.

Bàbá Àgbà fọwọ́ sí tirẹ̀, ó ti lọ sílé. Mi ò bá a wí, ó ní òun fẹ́ rí àwọn ọmọ òun. Gígùn dé ọ́fíìsì yẹn lẹ́yìn mi ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, àpò rẹ̀ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbà mí sílé. Ó ní yàrá kan tó ṣófo, obìnrin ọ́fíìsì yẹn ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí níbẹ̀, ó ní kí n wá jẹun nílé ìdáná. Mo fa àga, mo gbé ọwọ́ lé orí pèpéle rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó wò ó dáadáa. Wọ́n máa ń ní ká jẹ́ kí igun òkúta mú, pé ohun tí oníbàárà fẹ́ nìyẹn. Èmi máa ń dán an kó rí roboto díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wí lọ, kó má baà gún ọmọdé lójú. Igun tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi rí roboto. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Mi ò tíì sọ fún un. Ó ń nù ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kì í jẹ́ kí omi gbẹ sórí rẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ ni mo ń jẹun lórí rẹ̀ báyìí. Mi ò ní parọ́ fún yín, Màámi. Ó lẹ́wà. Ẹ ò ṣe àṣìṣe rárá tí ẹ fẹ́ ẹ.

Ọmọ yín ni.